Iye Ẹ̀rọ Kọ́ Ni Iye Ẹ̀mí

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi í gbọ́. Bí àwọn oníṣègùn ọkàn bá ṣe ìpàdé, wọn á sọ ọ́. Bí rédíò bá pe ọ̀kan nínú wọn sórí ètò, kò ní ṣàì sọ ọ́. Àwọn ènìyàn wa tó ti Houston tàbí London wálé fún Kérésì náà a máa sọ ọ́, pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tó ti ríran dé ẹ̀yìn òkun. Ọ̀rọ̀ náà rèé: orílẹ̀-èdè tó bá ń fi ẹ̀rọ sáyà àwọn alárùn ọkàn jù lọ ló mọ ìtọ́jú ọkàn jù lọ. Amẹ́ríkà ló ń ṣíwájú, Jámánì ni ògá ní Yúróòpù, àwọn yòókù ń wọ́ tẹ̀ lé wọn, àwa ní Áfíríkà kò tíì gbéra nílé. Kí ló fà á? Òṣì ni. Kí ni àtúnṣe? Kí á lówó, kí á máa fi ẹ̀rọ sí i bíi tiwọn. Ó parí.

Kò parí o. Irọ́ wà nínú rẹ̀, irọ́ náà sì ń pa ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ wọn kalẹ̀ bó ṣe yẹ, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òpè, ẹ̀rí wọn kò sì kéré. Ọkàn tó ti rẹ̀, tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde tó bó ṣe yẹ mọ́, tí ẹsẹ̀ olúwarẹ̀ ń wú, tí kò lè sùn láìgbé orí lé ìrọ̀rí mẹ́ta, ọ̀nà méjì ló sábà ń gbà pa ènìyàn. Ó lè pa á díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Ó sì lè pa á lójijì: ìlù ọkàn á dàrú, ọkàn á máa gbọ̀n dípò kó máa lù, kí ará ilé tó pe ọkọ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ni wọ́n ti ṣe láti bá irú ikú báyìí jà. Pacemaker ló pẹ́ jù lọ nínú wọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa ta ọkàn tó ń lù jẹ́jẹ́ jù jí. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 1958, ní Stockholm ní ilẹ̀ Sweden, Åke Senning oníṣẹ́ abẹ àti Rune Elmqvist ẹnjiníà fi èyí àkọ́kọ́ sáyà ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arne Larsson. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ láàárín wákàtí mélòó kan, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Larsson lò ju ogún lọ, ó wà láyé títí di ọdún 2001, àwọn méjèèjì tó ṣe é fún un ló ṣáájú rẹ̀ kú. Èkejì ni ICD, tí ń ṣọ́ ìlù ọkàn tọ̀sán-tòru, tó sì ń fi iná ta á padà sípò bó bá dàrú. Michel Mirowski, ọmọ Poland tí ikú òjijì ọ̀gá rẹ̀ kan kò jẹ́ kó sinmi, ló lépa rẹ̀ títí wọ́n fi fi èyí àkọ́kọ́ sí ènìyàn lára ní Baltimore ní oṣù kejì ọdún 1980. Ẹ̀kẹta ni CRT, tí ń mú kí apá ọ̀tún àti apá òsì ọkàn tún máa lù pọ̀.

Ẹ̀rí pé àwọn ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́ wà nílẹ̀ gbọnrangandan. Ìwádìí MADIT-II ti ọdún 2002, tí wọ́n ṣe lára ènìyàn 1,232, fi hàn pé ICD dín ewu ikú kù ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2005, SCD-HeFT, tó ní ènìyàn 2,521 nínú, rí ìdínkù ìdá 23. Lọ́dún yẹn kan náà ni CARE-HF ní Yúróòpù rí i pé CRT dín ikú kù ní ìdá 36. Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ wa. Ìròyìn tó jáde ní 2018 nípa orílẹ̀-èdè Áfíríkà 31 sọ pé èyí tó wà láàárín ìtò kò fi pacemaker sáyà ju ènìyàn 2.66 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ti Yúróòpù fi bí igba ìlọ́po jù ú lọ. Èyí tó ju ìdajì lára àwọn orílẹ̀-èdè náà ni wọn kò ti fi ICD kankan sí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, wọ́n ní: bí ẹ̀rọ bá ń gba ẹ̀mí là, ẹni tó fi ẹ̀rọ púpọ̀ sí i ló gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, àbí?

Ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn, mi ò dín in kù. Ó dùn létí. Ẹ jẹ́ ká wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Orí owó ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́. Ṣé tálákà ni Jàpáànù ni? Síbẹ̀, bí a bá fi iye èrò pín in, ICD tí wọ́n ń fi sáyà ènìyàn lọ́hùn-ún kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Amẹ́ríkà tàbí Jámánì. Àwọn ará Jàpáànù yìí náà wà lára àwọn tó ń pẹ́ láyé jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Ta ni nínú wa ló máa dìde sọ fún wọn pé wọn kò mọ ọkàn í tọ́jú? Tàbí kí á wo Yúróòpù fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ Czech kò lówó tó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí a bá fi èrò pín in, ICD ti Czech ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bó bá jẹ́ owó ló ń pín ẹ̀rọ, kí ló dé tí ẹni tó lówó jù kò gbà jù?

Ẹ tún gbé èyí yẹ̀ wò. Ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí, ICD tí Amẹ́ríkà ń fi sí i fi bí ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ju ti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù lọ. Ìwé ìwádìí kan náà ni àwọn dókítà ìhà méjèèjì ń kà. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe é, Medtronic, Boston Scientific àti Biotronik, ń tà á fún ìhà méjèèjì. Ẹran ara kò yàtọ̀. Kí ló wá yàtọ̀? Ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ ilé ìwòsàn ni, àti iye dókítà tó mọ iṣẹ́ náà. Ní Jámánì, iye kan pàtó ni wọ́n ń san fún ilé ìwòsàn lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan tó bá gba ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn tó sì lè ṣe é pọ̀ káàkiri. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibùdó tí ń ṣe é kò pọ̀. Aláìsàn á kọ́kọ́ rí dókítà àdúgbò rẹ̀, dókítà àdúgbò á kọ̀wé sí ti ọsibítù agbègbè, èyí náà á tún kọ̀wé sí ibùdó ńlá, àjọ NICE ló sì ń pinnu ẹni tí ìjọba máa sanwó fún. Ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo yẹn, agbègbè kan a máa gba ẹ̀rọ ju òmíràn lọ dáadáa. Ṣé ọkàn àwọn ará agbègbè kan ló ń ṣàìsàn ju ti èkejì ni? Rárá. Ìtòsí ibùdó ni.

Èmi kò sọ pé owó kì í ṣe nǹkan. Ohun tí mo ń sọ ni pé iye ẹ̀rọ tí wọ́n ń kà yẹn, bí ilé ìwòsàn ṣe ń gbowó ló ń fi hàn wá. Kò sọ nǹkan kan nípa ìtọ́jú.

Ó wá ku èyí tó burú jù nínú ìṣirò náà, pé bó bá ti pọ̀ ló dára. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ti ṣí ìdí ọ̀rọ̀ yìí fún wa. Ní 2011, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 111,707 tí wọ́n fi ICD sáyà wọn láàárín 2006 sí 2009. Ènìyàn 25,145 nínú wọn, ìyẹn ju ẹnì kan lọ nínú márùn-ún, ni kò yẹ kó gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìṣègùn ṣe wí. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìkọlù ọkàn, ìyẹn ni pé iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn wọn dí, tí apá kan ẹran ọkàn sì kú. Àwọn mìíràn, àyẹ̀wò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn pé ọkàn wọn ń rẹ̀ ni, oògùn kò tíì ráyè ṣiṣẹ́ lára wọn. Àwọn tí kò yẹ kó gbà á yìí sì kú nínú ọsibítù ju àwọn tó yẹ lọ: ìdá 0.57 nínú ọgọ́rùn-ún sí 0.18.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ eré ni fífi ẹ̀rọ sáyà. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ pa apá òsì àyà kú, wọ́n á la awọ níbi tó rọ̀ sísàlẹ̀ eegun tó na láti ọrùn dé èjìká, wọ́n á ti wáyà tín-ín-rín gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n á máa wò ó lójú X-ray títí yóò fi dé yàrá ọkàn lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ awọ, wọ́n á rán an. Láti ọjọ́ yẹn lọ, wáyà lè ṣí kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, ó lè dá lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kòkòrò àrùn lè wọ ojú ibẹ̀ kí wọ́n sì tún àyà là láti yọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ náà lè ṣi ìlù ọkàn gbọ́, kó fi iná ta ẹni tí ara rẹ̀ le koko lójú títì, iná tó lè gbé àgbà lulẹ̀. Bátìrì rẹ̀ á tán, wọ́n á tún la ibẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ yẹ fún, ìyà tó tọ́ kó jẹ nìyẹn, torí ẹ̀mí ló fi ń rà. Ẹni tí kò yẹ fún ńkọ́, kí ló ń rà?

Ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Òfin Medicare, ètò ìlera àwọn àgbàlagbà wọn, sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ICD sáyà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìkọlù ọkàn títí ogójì ọjọ́ yóò fi kọjá. Òfin náà kò ṣàdédé wá o. Ìwádìí kan tó ń jẹ́ DINAMIT ti fi hàn ní 2004 pé ẹni tí wọ́n bá kánjú fi sí kì í pẹ́ láyé ju ẹni tí wọn kò fi sí lọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kò dúró. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà kéde pé ilé ìwòsàn 457 ní ìpínlẹ̀ 43 ti gbà láti san owó tó lé ní mílíọ̀nù 250 dọ́là padà nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n fi ẹ̀rọ yìí sáyà ènìyàn nígbà tí òfin kò gbà wọ́n láyè.

Gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyẹn pátá ló wà nínú iye tí ẹ ń kà fún wa. Èyí tó gba ẹ̀mí là, ení. Èyí tí kò yẹ kó wọ àyà ẹnikẹ́ni, èjì. Iye ni ẹ ń pè é, ẹ wá ń fi í yan ẹni tó mọ ìtọ́jú jù.

Kí á má tíì kúrò ní Amẹ́ríkà, torí ohun tó kàn yìí ló yẹ kó dun àwa aláwọ̀ dúdú jù. JAMA kan náà gbé ìwádìí mìíràn jáde ní 2007, lórí ènìyàn 13,034 tí ICD yẹ fún láìsí àníàní. Ìdá 35 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí i gbà, tàbí tí wọ́n ṣètò rẹ̀ fún kí wọ́n tó kúrò ní ọsibítù. Àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun, ìdá 43.6. Àwọn ọkùnrin dúdú, 33.4. Àwọn obìnrin dúdú, 28.2. Ilẹ̀ tó ń fi ẹ̀rọ sí ẹni tí kò yẹ ló tún ń fi í du ẹni tó yẹ, nígbà kan náà, lábẹ́ òfin kan náà. Kí ni ipò kìn-ínní lórí ìtò àgbáyé ṣe fún obìnrin dúdú tí wọ́n dá padà sílé láìfún un ní nǹkan kan? Bí Amẹ́ríkà bá sọ iye ẹ̀rọ rẹ̀ di ìlọ́po méjì lọ́la, tó sì jẹ́ pé àwọn tí kò yẹ ló tún gba gbogbo rẹ̀, àwọn aṣèṣirò wa á pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀rí tí wọ́n fi ń ṣe ìgbéraga ńkọ́? Ara ta ni wọ́n ti rí i? Gbogbo ènìyàn tó wà nínú MADIT-II pátá ló ti ní ìkọlù ọkàn rí. Ọkàn tí iṣan rẹ̀ dí ni wọ́n wádìí. Ní ọ̀dọ̀ wa, àrùn mìíràn ló ń jẹ gàba. Ìwádìí THESUS-HF, tó jáde ní 2012, wo aláìsàn 1,006 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sọ ọkàn nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún wọn di aláàárẹ̀. Àwọn tí iṣan dídí fà tiwọn kò tó ìdá mẹ́jọ. Ní Abẹ́òkúta, ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Abà, Okechukwu Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 jọ: ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ọjọ́ orí wọn kò ju bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lọ tí a bá pín in dọ́gba. Àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tó ṣì ń san owó ilé ìwé ọmọ, ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni kò fún wọn ní ogún ọdún sẹ́yìn ló gbé wọn débẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará Denmark jókòó láti wádìí ọkàn tí kì í ṣe iṣan dídí ló bà á jẹ́, kí ni wọ́n rí? Ìwádìí DANISH ti 2016, ènìyàn 1,116, ọdún márùn-ún ó lé: nínú àwọn tó gba ICD, ìdá 21.6 ló kú. Nínú àwọn tí kò gbà á, ìdá 23.4. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a lè dì mú. Wọ́n á ní àwọn tí kò tíì dàgbà púpọ̀ nínú wọn jọ bí ẹni pé wọ́n jàǹfààní. Bẹ́ẹ̀ ni! Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Ta ni? Irú ọkàn wo? Ọmọ ọdún mélòó? Ìbéèrè tó yẹ kí dókítà máa bi ara rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tí iye ẹ̀rọ inú mílíọ̀nù èrò lè dáhùn.

Oògùn sì ti bọ́ sójú ọ̀nà láti ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ní 2017, àwọn kan kó ìwádìí méjìlá jọ tí wọ́n ṣe láàárín 1995 sí 2014, ó lé ní ogójì ẹgbẹ̀rún aláìsàn. Ikú òjijì ti fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àkókò náà, bí oògùn tó dára ṣe ń pọ̀ sí i. Carvedilol, bisoprolol, spironolactone: hóró oògùn ni gbogbo wọn, wọ́n ń gba nínú iṣẹ́ tí wọ́n ní ẹ̀rọ nìkan ló lè ṣe. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, ohun tó ju ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó ìlera ló ń tinú àpò aláìsàn jáde. Ẹni tó ra oògùn ọ̀sẹ̀ méjì, tó tún dúró dìgbà tí owó mìíràn bá wọlé kó tó ra òmíràn, ọkàn rẹ̀ kò bá a dúró. Nínú THESUS, láàárín oṣù mẹ́fà, ìdá 17.8 nínú ọgọ́rùn-ún ti kú. Ṣé ICD ló kọ́kọ́ yẹ kó débẹ̀, àbí oògùn tí kò ní já lọ́wọ́ wọn?

Mo ti ń gbọ́ èsì lókèèrè: “Ẹ fẹ́ kí àwọn tálákà máa kú láìsí ẹ̀rọ nìyẹn.” Rárá o. Pacemaker fún ọkàn tí ojú ọ̀nà iná rẹ̀ ti dí, tó ń lù bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú kan, tó ń mú kí ènìyàn máa dákú lọ́jà, kò sí onímọ̀ kankan tó ń jiyàn lé e lórí. Kò sí oògùn tó lè rọ́pò rẹ̀. 2.66 nínú mílíọ̀nù, ìtìjú gidi ni, mo sì fẹ́ kí ìjọba tìjú rẹ̀. Ọ̀nà láti dín owó rẹ̀ kù pàápàá wà nílẹ̀. Ìwádìí àwọn ará Kánádà tó jáde ní 2020 tẹ̀ lé àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tó gba ẹ̀rọ tí wọ́n yọ lára ẹlòmíràn, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n pa kòkòrò ara rẹ̀, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ilẹ̀ tí kò lówó. Ní ti àkóràn, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́ láàárín wọn àti àwọn tó gba ẹ̀rọ tuntun.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìkàyè yín ṣe ń bo ìtìjú yìí mọ́lẹ̀. Bí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó bá fi ICD sáyà ogójì olówó lọ́dún yìí, orúkọ Nàìjíríà á gòkè lórí ìtò. Ìwé ìròyìn á gbé e, mínísítà á ya fọ́tò. Obìnrin ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tó dákú lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní Ṣakí nítorí ọkàn tó ń lù jẹ́jẹ́ jù, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe ECG, àyẹ̀wò tí ń fi ìlù ọkàn hàn, fún rí, ipò wo ni yóò wà lórí ìtò yẹn? Kò sí níbẹ̀. Iye tí ẹ kà kò mọ̀ pé wọ́n bí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìlera wa, ẹ yéé ka ẹ̀rọ fún wa. Ẹ ka ẹni tí ẹ̀rọ yẹ fún, kí ẹ sì sọ iye tó rí i gbà nínú wọn. Ẹ ka ẹni tí kò yẹ fún tí wọ́n fi sí lára. Ẹ ka àwọn tí oògùn wọn kò já fún ọdún kan gbáko. Ẹ ka ibùdó ìlera tí ECG wà tó ń ṣiṣẹ́, tí ẹni tó lè kà á sì wà nídìí rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá lè dáhùn ìwọ̀nyí ló ń tọ́jú ọkàn, ì báà jẹ́ ipò kìn-ínní ló wà tàbí ipò ogún. Èyí tí kò bá lè dáhùn, ọjà ló ń tà.

Ẹ̀yin òǹkàwé náà, nígbà mìíràn tí ẹnì kan bá tún ka ìtò yẹn sí yín létí, Amẹ́ríkà, Jámánì, àwa lẹ́yìn, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: mélòó nínú àwọn ẹ̀rọ yẹn ló wà láyà ẹni tó yẹ? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má dá a lóhùn mọ́.